Ẹsẹ̀ Adìẹ Tí Màmá Fẹ́ Dì Mú

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì tí ó ṣáájú Ìkórè ìjọ wa ní Ìlútítun, ní oṣù kọkànlá ọdún 1970, èmi àti ìyá ọkọ mi wọ ọkọ̀ akẹ́rù lọ sí oko adìẹ ńlá kan lójú ọ̀nà Òkìtìpupa. Olùkọ́ ni mí, ìgbéyàwó mi kò sì tíì pé ọdún kan. Èmi ni mo dábàá fún ìgbìmọ̀ Ìkórè pé kí a yé lé adìẹ ìbílẹ̀ kiri àgbàlá, kí a ra adìẹ òyìnbó tí oko náà ń pa, tí wọ́n ń hú ìyẹ́ rẹ̀, tí wọ́n sì ń dì sínú ọ̀rá. Ẹ̀kọ́ ìmọ́tótó ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ nígbà náà. Mo gbà tọkàntọkàn pé ohun tí ó bá ti wà nínú ọ̀rá ti mọ́.

N kò ro ti ìyá ọkọ mi mọ́ ọn. Òun ni olórí àwọn obìnrin tí ń dáná fún ìjọ, wọ́n sì ní ìlànà kan tí ó ti wà kí n tó dé ìdílé náà: ẹni tí yóò se ẹran ni yóò di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú nígbà tí a bá ń pa á. Bí kò bá dì í mú, kò ní fọwọ́ kàn án nínú ìkòkò. Mo ṣàlàyé pé oko yìí kì í ṣe àgbàlá wa. Ó ní kò burú, òun yóò bá mi lọ síbẹ̀ lọ dì wọ́n mú. Mo sì mọ̀ pé bí òun kò bá sè é, kò sí obìnrin tí yóò sè é. Ìkórè yóò bàjẹ́, èmi ìyàwó tuntun tí mo gba ìjọ nímọ̀ràn ni gbogbo ìlú yóò máa fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Fọ́máànù, ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́ oko náà, gbé àga fún ìyá ọkọ mi lábẹ́ igi.

“Màmá, ẹ jókòó síbi. Ẹ óò kàn kó ẹran yín lọ ni.”

“Èmi ni n ó dì wọ́n lẹ́sẹ̀ mú.”

Fọ́máànù rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. “Gbogbo wọn? Ẹ̀yin àti ọmọ ogun wo, Màmá?”

“Máa mú wọn wá níkọ̀ọ̀kan, ìwọ ọmọ yìí. Àfi bí ẹ bá ní ohun tí ẹ ń fi pamọ́.”

Ó ṣí ilẹ̀kùn fún wa, bí ẹni tí ń ṣe àwàdà. Òórùn ìgbẹ́ àti ẹ̀jẹ̀ gbá wa lójú. Wọ́n to àwọn adìẹ náà lé ara wọn nínú àgò wáyà; a ti gé ṣóńṣó ẹnu wọn, èékánná àwọn mìíràn sì ti lọ́ mọ́ wáyà. Àwọn òṣìṣẹ́ ń fà wọ́n yọ ní ẹsẹ̀ kan, mo sì ń gbọ́ bí eegun ti ń kán. Wọ́n gbé wọn kọ́ sórí okùn ní ìdoríkodò, ọ̀bẹ sì ń gba ọrùn wọn kọjá bí ẹni tí ń ṣán koríko: ó ya ọ̀fun òmíràn, ojú òmíràn ni ó ń gé. Ọkọ̀ àwọn oníbàárà ń dúró lóde, kò sí ẹni tí ó dúró de ikú. Bí wọ́n ti ń japoró lọ́wọ́ ni wọ́n ń jù wọ́n sínú àgbá omi tí ń hó.

Ọ̀kan fò jáde nínú àgbá náà. Ìhà rẹ̀ kan ti bó, ojú rẹ̀ ti fọ́, ó ń kọlu ẹsẹ̀ wa, ó ń han.

“Ẹ má dá a lóhùn, Màmá, ó ti kú,” ni fọ́máànù wí.

“Òkú wo ni ó ń sáré yìí?”

Ìyá ọkọ mi gbá adìẹ náà mú mọ́lẹ̀. Omi gbígbóná ara rẹ̀ bó o lọ́wọ́, kò jù ú sílẹ̀. Ó já ọ̀bẹ gbà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ kan, ó fi orúnkún tẹ ẹsẹ̀ adìẹ náà, ó sì pa á. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ta sí mi láṣọ.

Nínú ọkọ̀, láàárín àwọn ọ̀rá funfun tí ìjọ ti san owó rẹ̀, ó ní: “Ìyàwó, ọ̀kan ṣoṣo ni mo dì mú, ṣùgbọ́n mo rí ikú àwọn yòókù; n kò ní sè é fún ẹni tí kò mọ̀. Ìwọ ni o pè wọ́n sí i. Ìwọ ni yóò sọ ọ́.”

“Màmá, wọn kò ní jẹ ẹ́ mọ́.”

“Kí wọ́n má jẹ ẹ́ nígbà náà. Ṣé ìwọ ni ikùn wọn ni?”

Ní ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn àdúrà, mo dìde níwájú ìjọ, mo sì sọ ọ́ láìfi ohunkóhun pamọ́: àgò, ọ̀bẹ, àgbá.  Lẹ́yìn náà ni ọkùnrin kan béèrè láti ẹ̀yìn pé, “Tíṣà, ṣé ata yóò pọ̀ nínú ọbẹ̀ náà?” Ilé ìjọsìn bú sẹ́rìn-ín. Ìyá ọkọ mi dìde, ó na ọwọ́ rẹ̀ tí ó ti lé ròrò sókè, ẹ̀rín sì kú.

“Ó rí i, èmi náà rí i. Ẹ ti gbọ́. N ó sè é, n ó sì se ẹja. Kí oníkálùkù mú èyí tí ó bá fẹ́.”

Ní ọjọ́ Ìkórè, ó fi ọwọ́ kan ṣoṣo ro ìkòkò méjèèjì. Òun àti èmi fi ẹja jẹ púpúrú, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ ìlú wa. Eegun adìẹ nìkan ni ó padà nínú àwọn àwo yòókù.

Mo ti darúgbó báyìí. Mo ṣì máa ń bi àwọn tí ń ta ẹran nínú ilé ìtajà pé báwo ni wọ́n ti pa á. Wọ́n á wò mí, wọ́n á sì fi iye owó rẹ̀ dá mi lóhùn. Ṣùgbọ́n ti ìjọ wa ni ó máa ń padà sí mi lọ́kàn. Bóyá wọ́n gbà mí gbọ́ tí wọ́n sì jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀, tàbí wọ́n jẹ ẹ́ nítorí pé wọn kò gbà mí gbọ́, n kò mọ̀.