Bí Bọ̀dá Alákàn Ṣe Mọ Ìrìn Rìn

Nígbà tí mo ṣì kéré ní Imeke, tí mo máa ń rin àgbọn fún Màámi kí n tó lọ síléèwé, inú ilé tiwa gan-an ni wọ́n ti ṣe fíìmù àwòrán Bọ̀dá Alákàn. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ dàgbà létí òkun Àgbádárìgì, ẹ ò ní í gbàgbé rẹ̀: akàn pupa tó dé fìlà, tí ojú rẹ̀ méjèèjì nà sókè bí igi ìṣáná.

Tíṣà Délé ló yà á. Ọmọ Èkìtì ni, ó ń kọ́ni ní àwòrán yíyà, ó sì gba yàrá kan nílé wa. Ẹ̀bá tábìlì rẹ̀ ni mo máa ń lúgọ sí. Bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló ń lò, kó lè máa rí àwòrán tó yà kọjá lábẹ́ èyí tó ń yà lọ́wọ́. Àwòrán méjìlá ló ń bá ìṣẹ́jú àáyá kan lọ! Bí mo bá fi àtàǹpàkò ṣí wọn wéréwéré, akàn á máa ju ọwọ́, òórùn epo àgbọn tí Màámi ń sè á sì gba gbogbo yàrá.

Ìrìn rẹ̀ ló dá wàhálà sílẹ̀. Lọ́sàn-án Sátidé kan, Tíṣà ní kí n ṣí èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yà wò. Ó tó ọ̀ọ́dúnrún bébà. Akàn kọjú síwájú, ó ń lọ tààrà bí ewúrẹ́ tó ń ti ọjà bọ̀. Ẹ̀rín pa mí.

"Tíṣà, akàn kì í rìn báyìí o! Ẹ̀gbẹ́ ló máa ń gbà!"

Tíṣà kó gbogbo bébà náà sínú páálí, ó gbé e, ó jáde.

Màámi ti gbọ́. "Ìwọ lo fẹ́ kọ́ Tíṣà níṣẹ́, àbí? Ó yá, kúnlẹ̀, gbọ́wọ́ sókè!"

Ìkúnlẹ̀ yẹn ò dùn mí tó páálí yẹn. Mo gbà pé ẹnu mi ti pa Bọ̀dá Alákàn. Ẹ̀bà àti ẹja yíyan tí wọ́n gbé fún mi dà bí iyanrìn lẹ́nu mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Tíṣà dúró lẹ́nu ọ̀nà wa pẹ̀lú pẹ́ńsù àti bébà. "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi ní ọ̀gá mi. Inú ọbẹ̀ nìkan ni mo ti ń pàdé akàn."

Màámi rẹ́rìn-ín títí ó fi ìró nu ojú. Ọkàn mi balẹ̀ wọ̀ọ̀.

A dojú bolẹ̀ sórí iyanrìn tútù létí òkun, níwájú ihò akàn. Ẹsẹ̀ mẹ́jọ ló fi ń rìn, yàtọ̀ sí ọwọ́ ńlá méjì tó fi ń gé nǹkan. Mẹ́fà ni Tíṣà ti yà fún Bọ̀dá Alákàn tẹ́lẹ̀. Mo rọra sọ ìyẹn náà. Ó tún gbogbo rẹ̀ yà.

Ìrìn ẹ̀gbẹ́ yẹn ló sọ akàn náà di ààyò. Láti Mọ́rógbò dé Ọ́tọ̀, àwọn ọmọ ń fi ẹ̀gbẹ́ wọ kíláàsì, pàṣán ló ń tún ìrìn wọn ṣe.

Nígbà náà, à ń dúró kí iná dé kí a tó rí i wò lórí tẹlifíṣọ̀n. Lónìí, orí fóònù ni ọmọbìnrin mi ti ń wò ó, ó ń dá a dúró, ó ń dá a padà. Láìpẹ́ yìí ló ní, "Mọ́mì, akàn yìí ò ní òjìji." Mo wò ó. Òótọ́ ni! Látọjọ́ yìí, èmi ò rí i. Láyé tiwa, orí ìkúnlẹ̀ ni irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ń parí sí. Èmi pe nọ́ńbà Tíṣà, mo sì gbé fóònù fún ọmọ mi pé kó fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún un.