Ìyá Mi Ń Wakọ̀ Lójú Tábúlẹ́ẹ̀tì

Iṣẹ́ mi ni kí n ṣe áàpù tí wọ́n fi ń wo fídíò olójú-yíká, irú èyí tí kámẹ́rà rẹ̀ ń rí iwájú, ẹ̀yìn, òkè àti ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ojú fóònù kò lè gbà á tán. Ẹni tó ń wò ó ló máa fi ìka yí i kiri. Ẹ máa rò pé iṣẹ́ tó rọrùn ni. Irọ́ ni.

Èjìnrìn ni wọ́n bí ìyá mi sí, létí ọ̀sà. Orúnkún ti dá a jókòó sínú yàrá tí mo rẹ́ńtì ní Ìkòròdú, ojú rẹ̀ náà sì ń ṣú lọ. Dókítà ní kò ní pẹ́ tí kò ní ríran mọ́. Ohun kan ṣoṣo ló ń tọrọ: kí òun tún fojú kan èbúté ilé wọn.

Mo gbé kámẹ́rà lọ, mo ya fídíò náà láti inú ọkọ̀ ojú omi. Ilé bàbá rẹ̀ létí èbúté ti wó, koríko ti bò ó. Èmi ọlọ́gbọ́n, mo ṣètò fídíò náà kó máa bẹ̀rẹ̀ láti ojú ọ̀sà, kí àwókù wà lẹ́yìn, níbi tí ojú ìyá mi ò ní dé.

Mo gbé tábúlẹ́ẹ̀tì lé e nítan. Ó fi ìka kan apá ọ̀tún, ó fà á wálẹ̀. Ojú ọ̀run ló yọ. Ó tún fà á, ọ̀run náà ni.

“Ṣé ọ̀run lo tètè fẹ́ fi hàn mí báyìí?” Ó rẹ́rìn-ín, ó gbé e padà fún mi.

Inú bí mi. Ṣebí mo ya ọfà sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, tó ń tọ́ka ibi tí ìka máa fà á sí? Ó ní òun ò rí ọfà kankan.

Lọ́jọ́ kejì ló ń sọ fún aládùúgbò wa bí òun ṣe máa ń wakọ̀ lọ sọ́jà nígbà ọmọge. Ọwọ́ rẹ̀ ń júwe: ó nà án síwájú, ó fà á sẹ́yìn, lápá ọ̀tún. Àjẹ̀ tí wọ́n fi ń wakọ̀ ni ìyá mi ń fi ìka wà lójú tábúlẹ́ẹ̀tì! Wa àjẹ̀ lọ́tùn-ún, imú ọkọ̀ á yí sósì. Kò sí olùkọ́ tó sọ ìyẹn fún mi rí.

Mo yọ ọfà kúrò. Mo ti òkè àti ilẹ̀ pa. Fa ìka wálẹ̀ lọ́tùn-ún, fídíò á yí sósì. Fà á lósì, á yí sọ́tùn-ún.

Ó gbà á. Ìka rẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀, jẹ́jẹ́, ọ̀sà ń yí. Ẹni tí kò lè dá rìn dé balùwẹ̀ ló ń wakọ̀ báyìí. Ìgbà tí ọkọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjú sẹ́yìn tán ni mo tó rántí ohun tó wà níbẹ̀. Mo nawọ́ láti gbà á, ó gbá ọwọ́ mi dànù.

Ó wo àwókù náà pẹ́.

“Ẹ̀yìn mi lo gbé e sí, àbí?”

“Ẹ má bínú, mà.”

“Ta ni ò mọ̀ pé ó ti wó? Bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn.” Ó gbé tábúlẹ́ẹ̀tì súnmọ́ ojú, ó fọwọ́ kan ìdí koríko. “Òpó tí ìyá mi ń so ọkọ̀ mọ́ rèé.”

Mo wò ó. Òpó náà wà níbẹ̀ lóòótọ́. Èmi tí mo ya fídíò ò rí i.

Ó tún wà á lẹ́ẹ̀mejì, díẹ̀díẹ̀, títí òpó fi dúró sí àárín. Ó gbé ìka kúrò.

“Mo ti gúnlẹ̀,” ó ní.