Ìrìn Ìrọ̀lẹ́ Pẹ̀lú Ìyá Aláró

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dá mú àlejò rìn yí ìlú Ọ̀yọ́ ká, díẹ̀ ló kù kí n kó gbogbo wa sí wàhálà. Mo ti sọ fún wọn pé kí wọ́n ṣí fìlà kí a tó dé iwájú ààfin, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn pátápátá ni Sùlè wà, ará Ìlọrin kan tó ń ta kán-ún, kò sì gbọ́. Ó dé fìlà tirẹ̀ gẹngẹ. Ìlàrí kan dá wa dúró. Fún ẹni tí kò bá mọ̀, ìránṣẹ́ ọba ni ìlàrí; wọ́n máa ń fá apá kan orí wọn kodoro, wọn a sì dá irun apá kejì sí. Sùlè wo orí ọkùnrin náà, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé wọ́n pe onígbàjámọ̀ lọ jẹun ni, tí kò fi padà wá parí i?"

Orí ìdọ̀bálẹ̀ ni mo wà tí mo fi gbọ́ ìyókù ọ̀rọ̀. Ìlàrí náà wò wá títí, ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu òun náà. Ó ní, "Àlàní, lọ kọ́ àlejò rẹ, kí n tó bá ọ kọ́ ọ."

Iṣẹ́ amọ̀nà ni mo ṣe kí n tó di tíṣà. Ọ̀yọ́ kò sí létí òkun, ọkọ̀ ojú omi kan kò sì gúnlẹ̀ síbẹ̀ rí, ṣùgbọ́n èbúté ni fún èrò orí ilẹ̀. Láti Ìlọrin, láti Ìsẹ́yìn, láti Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n bí èmi náà sí, ẹsẹ̀ ni gbogbo wọn fi ń gúnlẹ̀ sí i. Ilé Bàbá Láyíwọlá ni púpọ̀ nínú wọn ń wọ̀ sí. Baálé èrò ni bàbá náà: wọ́n ń gba àlejò sílé, wọ́n sì ń dúró fún wọn níwájú àwọn ìjòyè. Bí àlejò bá ṣẹ̀, ọrùn bàbá ló wà. Ìdí nìyí tí wọ́n fi gbà mí, pé kí n máa mú àwọn èrò rìn nírọ̀lẹ́, kí n fi ìlú hàn wọ́n, kí n sì kọ́ wọn ní ibi tí a kì í gbé dé fìlà.

Ìrọ̀lẹ́ ló dára fún un. Ọ̀sán ni ti káràkátà, òru sì ni ti onílé. Ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ti rọ̀, tí eruku rọlẹ̀, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tan fìtílà lọ́kọ̀ọ̀kan lójú ọjà Akẹ̀sán, ìlú a máa rí bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀. Bàbá Láyíwọlá kì í jẹ́ kí n kó ju èèyàn márùn-ún lọ. Mo rò pé nítorí kí wọ́n lè gbóhùn mi ni.

Bàbá ní, "Rárá o. Ogun ò tíì rọlẹ̀. Bí àjèjì bá pọ̀, tí wọ́n ń na ìka sí odi ìlú, kí lo rò pé wọn yóò pè wọ́n? Amí ni."

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kìlọ̀ fún àlejò pé ojú ni kí wọ́n fi wò, kí wọ́n má fi ìka tọ́ka.

Ẹ jẹ́ kí n tún ohun kan ṣe níbí, nítorí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ mi náà máa ń ṣì í. Ọ̀yọ́ tí mò ń sọ yìí kọ́ ni Ọ̀yọ́ àtijọ́. Ọ̀yọ́-Ilé ni à ń pe ti àtijọ́, ọ̀nà òkè ọ̀dàn ló wà. Ogun fọ́ ọ, àwọn èèyàn sì tú ká. Àwọn kan bá ọba wá tẹ ìlú tuntun dó, àwọn mìíràn sá gba Ògbómọ̀ṣọ́ àti ibòmíràn lọ. Akẹ̀sán lorúkọ ọjà ọba lọ́hùn-ún. Akẹ̀sán náà ni wọ́n sọ èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààfin tuntun. Bàbá Láyíwọlá a máa wí pé, "A kì í gbé ìlú rù sá. Orúkọ rẹ̀ la máa ń gbé." Ọ̀dọ́mọkùnrin ni wọ́n nígbà tí wọ́n sá kúrò lọ́hùn-ún. Wọ́n kọ́ mi pé bí arúgbó bá dákẹ́ láàárín ìrìn, kí èmi náà dákẹ́. "Má sọ̀rọ̀ sí i létí. Ìlú méjì ló ń wò lẹ́ẹ̀kan náà."

Lọ́dún kan, lẹ́yìn ìkórè iṣu, obìnrin kan bá àwọn oníṣòwò Ògbómọ̀ṣọ́ wá. Ìyá Aláró ni wọ́n ń pè wọ́n, nítorí iṣẹ́ aró ni wọ́n ń ṣe; ọwọ́ wọn dú títí dé ìgbọ̀nwọ́. Wọn kò gbé aṣọ kankan wá tà. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n dé, wọ́n ní àwọn náà fẹ́ rìn. Aláṣọ méjì láti Ìsẹ́yìn wà níbẹ̀, Sùlè náà sì wà níbẹ̀. Kò sígbà tí Sùlè wá sí Ọ̀yọ́ tí kì í bá wa rìn. Ó ní òun ń bá mi ṣọ́ fìlà àwọn yòókù.

Ní Akẹ̀sán, Ìyá Aláró dúró, wọ́n ra ẹ̀wà sísè sínú ewé, wọ́n sì ń jẹ ẹ́ lọ bí a ti ń rìn.

Sùlè ní, "Ìyá, ẹ rin gbogbo ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ yẹn nítorí ẹ̀wà?"

"Panu mọ́. Kán-ún tìrẹ ni wọ́n fi sè é tó fi rọ̀. Ṣé o fẹ́ kí n ba ọjà rẹ jẹ́ ni?"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. A kọjá níwájú ààfin, tàwa ti fìlà lọ́wọ́. Sùlè ti ṣí tirẹ̀ láti òkèèrè réré. Nígbà tí a wá yà sí ọ̀nà tí ó lọ sí ibodè, Ìyá Aláró fà mí sẹ́yìn díẹ̀.

"Àlàní ọmọ mi, gbogbo èyí dára. Ṣùgbọ́n ilé kan ni mo wá wá."

"Ilé ta ni, Ìyá?"

"Ilé bàbá mi. Ọmọdé ni mí nígbà tí Ọ̀yọ́-Ilé fọ́. Àwọn tó ń sá lọ ló mú mi dé Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n tọ́ mi, wọ́n sì fi mí fọ́kọ. Wọn ò fìyà jẹ mí, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n bí orogún mi bá bínú, a di ẹrù, ó di ilé bàbá rẹ̀. Ọkọ wa a kó àwọn àgbà lẹ́yìn, wọn a lọ bẹ̀ ẹ́. Bí èmi bá bínú, ẹ̀yìn ìkòkò aró ni mo máa ń lọ jókòó sí." Wọ́n ká ewé ẹ̀wà ọwọ́ wọn kékeré. "Kò sẹ́ni tí í wá bẹ èèyàn lẹ́yìn ìkòkò."

Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n rántí. Wọ́n ní Àjàó ni bàbá wọn ń jẹ́, afíngbá ni, èyí ni àwọn tó máa ń fi ọ̀bẹ kékeré gbẹ́ ọnà sára igbá. Wọ́n ní Àjíkẹ́ ni bàbá wọn máa ń pe àwọn. Kò sí ohun mìíràn. Mo mọ agbo ilé àwọn afíngbá tí ó ti Ọ̀yọ́-Ilé wá. Ọ̀nà wa kò sì jìnnà sí i. Mo yí ìrìn padà.

Baálé ilé náà jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ nígbà tí a dé. Ọkùnrin tó lè jẹ́ àbúrò Ìyá Aláró ni. A dọ̀bálẹ̀, Ìyá Aláró kúnlẹ̀, mo sì ro ẹjọ́ náà. Ó gbọ́ mi títí dópin, ó sì dáhùn pẹ̀lú sùúrù.

"Àjàó mélòó ló wà láyé? Àjíkẹ́ ńkọ́? Kò sí agbo ilé tí wọn kò sí. Ẹ má bínú, Ìyá. Ẹnìkan ti wá bá wa bẹ́ẹ̀ rí pé ọmọ ilé lòun, oko wa ló ń wá. Ìlú tuntun yìí ni wọ́n bí èmi sí, n kò mọ ẹnì kankan lọ́hùn-ún. Gbogbo àwọn tó mọ̀ ọ́n ti kú tán, àfi Ìyáálé."

Wọ́n pe Ìyáálé jáde. Ìyàwó tó dàgbà jù nínú ilé náà ni wọ́n, Ọ̀yọ́-Ilé ni wọ́n ti gbé wọn níyàwó, irun wọn sì ti funfun bí òwú. Mo bi wọ́n pé, "Ìyá, ǹjẹ́ ẹ mọ ọmọ kan tí ń jẹ́ Àjíkẹ́, ọmọ Àjàó, lọ́hùn-ún?"

Ìyáálé gbé ojú kúrò lára mi. "Èmi ò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ ló parí. Ìyá Aláró dìde, wọ́n gbọn ìró wọn. "Ó tó bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká máa lọ."

A kò tíì kúrò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ nígbà tí wọ́n ń pe ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń fín igbá lágbàlá wá jẹun. Ìyá rẹ̀ pè é láti inú ilé pé, "Àlàbí! Àlàbí o!" Kò gbọ́. Obìnrin kékeré kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé níyàwó fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá yọjú, ó ní, "Adúmáadán ọkọ mi, oúnjẹ ti tutù o!" Ọ̀dọ́mọkùnrin náà dìde lójú ẹsẹ̀.

Mo dúró gbagidi. Ohun tí gbogbo wa mọ̀ láti kékeré ni mo gbàgbé láti lò. Nílé wa, ìyàwó kì í pe orúkọ ọmọ tó bá nínú ilé ọkọ, ìbáà jẹ́ ọmọ ọwọ́. Ọkọ rẹ̀ ni gbogbo wọn. Yóò fún olúkúlùkù ní orúkọ tuntun, èyí tó bá lára rẹ̀ mu, orúkọ náà ni yóò sì máa pè é títí láé. Àwọn àjèjì a máa rò pé ẹ̀fẹ̀ ni, ọ̀wọ̀ ni. Orúkọ tí mo fi béèrè ni Ìyáálé kò fi ẹnu wọn pè rí láyé, ó sì ti pẹ́ tó tí orúkọ náà fi kúrò lọ́kàn wọn.

Mo padà, mo tún dọ̀bálẹ̀. "Ìyá, ẹ forí jì mí, n kò béèrè dáadáa. Àwọn ọkọ yín kéékèèké tí ẹ bá nílé nígbà tí wọ́n gbé yín dé, kí lẹ máa ń pè wọ́n?"

Ojú Ìyáálé yí padà. "Hà! Àwọn ọkọ mi! Ọ̀kan wà tó ga, Ọ̀pẹlẹ́ńgẹ́ ni mò ń pè é. Ogun pa á. Ìbàdí-ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀ lé e. Èyí tó kéré jù, obìnrin ni, ọmọ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi. Eyín rẹ̀ funfun bí owó ẹyọ, Eyínfúnjowó ni mò ń pè é. Ẹ̀yìn mi ló máa ń sùn sí. Ṣùgbọ́n ó lórí kunkun! Ó lè fara pamọ́ sẹ́yìn àká, kó má dáhùn títí tí màá fi wí pé, 'Eyínfúnjowó, ẹ̀wà ti jinná...'"

Ìyá Aláró ti kọjú sí ọ̀nà. Láìyíjú padà, wọ́n ní, "'Iyọ̀ ló kù.'"



Wọ́n wá yíjú padà díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí ẹnu rẹ̀ ti sọ̀rọ̀ kí òun tó gbọ́. "Iyọ̀ ló kù. Ìyàwó ló máa ń... Ìyàwó wa tó máa ń pọ̀n mí."

Ìyáálé rìn dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n gbé fìtílà sókè sí ojú wọn, wọ́n ní, "Ya ẹnu." Ìyá Aláró yanu bí ọmọdé. Ìyáálé gbé fìtílà sílẹ̀. Wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì ti ilẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kúnlẹ̀, pẹ̀lú orúnkún tó ń ró.

Ìyá Aláró sáré dì wọ́n mú. "Ẹ má kúnlẹ̀! Ẹ jù mí lọ! Ẹ jọ̀wọ́!"

"Ẹ fi mí sílẹ̀, ọkọ mi. Inú ilé ni mo bá yín. Gbogbo àwọn tí mo bá nílé yìí ti lọ tán. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí ẹni kúnlẹ̀ fún."

Baálé ilé náà sì dìde lórí ìjókòó rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Sùlè ń fi fìlà nu ojú. Ó ní èéfín fìtílà ni.

Àwa mẹ́rin nìkan la padà sílé èrò lálẹ́ ọjọ́ náà. Nígbà tí mo ròyìn fún Bàbá Láyíwọlá, wọ́n kọ́kọ́ bá mi wí pé mo yí ìrìn padà láìgba àṣẹ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n dákẹ́, èmi náà sì dákẹ́.

Ó pẹ́ kí n tó padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí mo ti di tíṣà ilé ẹ̀kọ́ ìjọ títí mo fi fẹ̀yìntì. Ọ̀pọ̀ ohun ni mo kọ́ àwọn ọmọ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan kò sí nínú ìwé: bí ẹ bá ń wá èèyàn, ẹ má fi orúkọ tí ẹ̀yin mọ̀ ọ́n nìkan béèrè, ẹ béèrè èyí tí ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ ń pè é.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo wà nínú kíláàsì nígbà tí mo gbọ́ ohùn kan lójú fèrèsé.

"Tíṣà! Mo ti bínú o!"

Ìyá Aláró ni, tí wọ́n ti padà sílé ọkọ wọn tipẹ́; wọ́n ru ẹrù ńlá, wọ́n wọ aṣọ tó dára. Ojú wọn ń dán bíi ti ẹni tó ń lọ sí ìgbéyàwó.

"Kí ni ọkọ yín ṣe fún yín, Ìyá?"

"Ó ní iyọ̀ ọbẹ̀ mi ti pọ̀ jù."

"Ìyẹn nìkan?"

"Kò tó ni? Ẹ̀yìn ìkòkò wo lèmi yóò tún jókòó sí? Ilé bàbá mi ni mò ń lọ."

Ó yẹ kí n bẹ̀ wọ́n, nítorí iṣẹ́ tíṣà ni kó máa parí ìjà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ amọ̀nà ni mo kọ́kọ́ kọ́. Mo ní kí àwọn ọmọ máa ka ìwé wọn lọ, mo gba ẹrù náà, mo sì sìn wọ́n dé ibodè, níbi tí àwọn èrò Ọ̀yọ́ ti ń péjọ. Wọ́n gba ẹrù wọn padà sórí, wọ́n sì kọjú sí ọ̀nà. Wọn kò tíì lọ jìnnà tí wọ́n fi dúró.

"Àlàní! Bí ọkọ mi bá ń bọ̀ wá bẹ̀ mí, sọ fún un kó rántí ṣí fìlà níwájú ààfin!"