Irin Wúwo Olúgbénró

Bí ẹ bá dárúkọ olóògbé Olúgbénró ní Ìlúpéjú, ọ̀rọ̀ géètì ni wọ́n máa kọ́kọ́ sọ. Wẹ́dà ni ní iléeṣẹ́ kan tó ń ṣe ilẹ̀kùn onírin. Lọ́dún tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀, irin ń pòórá níbẹ̀, àwọn ọ̀gá sì ti búra pé ẹni tọ́wọ́ bá tẹ̀, ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá ló ń lọ. Fàúsát ìyàwó rẹ̀ wà níta géètì, ó ń dúró dè é kí wọ́n jọ lọ sílé.

Job, ọ̀gá síkiọ́rítì, nawọ́ sí báàgì rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ gbé?"

"Irin wúwo."

Job ti géètì pa. "Ẹ tún un sọ."

"Irin wúwo ni mo wí. Mẹ́jọ ni. Ọdún mẹ́ta ni mo fi kó o jọ."

Fàúsát sáré sún mọ́ géètì. Orin tí Òyìnbó ń pè ní hẹ́fí mẹ́tà ni ọkọ rẹ̀ ń wí. Fílàṣì kékeré kan ló wà nínú báàgì náà, orin mẹ́jọ ló wà lórí rẹ̀, kò sì sí ẹ̀dà mìíràn láyé. Ó di géètì mú, ó figbe ta: "Ẹ jọ̀ọ́, orin ni wọ́n fẹ́ wí o! Orin!"

"Irin ni mo wí," Olúgbénró dáhùn, kò tiẹ̀ bojú wẹ̀yìn. "Orúkọ tí àwọn tó dá a sílẹ̀ sọ ọ́ nìyẹn. Mi ò ní torí géètì yí i padà."

Máníjà dé, fóònù ti wà létí rẹ̀. Job ti mú fílàṣì náà dání, Fàúsát sì mọ̀ pé bó bá kúrò lójú wọn, ó lọ nìyẹn. Máníjà ní, "Tó bá jẹ́ orin, ẹ kọ ọ́ ká gbọ́."

Olúgbénró ya ẹsẹ̀, ó lanu. Dẹ́rẹ́bà bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ fò bọ́ sílẹ̀, ó rò pé sílíńdà gáàsì ló bú. Job fúnra rẹ̀ ló ṣí géètì.

"Irin ni lóòótọ́," ó ní. "Ó sì wúwo."

Inú àwo orin dúdú tí onílé wọn ní Agege kó ti ìlú Òyìnbó dé ni Olúgbénró ti gbọ́ irú orin yẹn ní kékeré: gìtá tó ń ké, dúrọ́ọ̀mù tó ń gbá ni láyà. Lójú tirẹ̀, àtìgbà yẹn ni orin ti bàjẹ́. Ó wá fẹ́ ṣe irú ti ìgbà náà ní Yorùbá. Èyí àkọ́kọ́ dá lórí màlúù tó já ní ilé ìpẹran Oko Ọba tó lé alápatà gun orí òrùlé. Kò ní jákẹ́ẹ̀tì aláwọ bíi tàwọn olórin Òyìnbó yẹn, ó wọ épúrọ̀ọ̀nù iṣẹ́ rẹ̀. Orí rẹ̀ pá, ó dé wíìgì Fàúsát.

Peace, tó ń bá a ṣe àwo orin rẹ̀, bẹ̀ ẹ́ títí. "Bàbá, ẹ jẹ́ ká fi nǹkan tí wọ́n á fi jó sí i."

"Ta ló ní kí wọ́n jó? Kí wọ́n máa mi orí."

"Ọrùn á dùn wọ́n."

"Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn."

Nígbà tí àwọn aládùúgbò Peace lé Olúgbénró nítorí ariwo, ilé ara rẹ̀ ló ti ń gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Fàúsát fẹ́ràn ọkọ rẹ̀, ariwo yẹn ni kò fẹ́ràn. Á fi ọmọrogùn gbá ògiri: "Bàbá Adébísọ́lá, ó tó o!"

"Ó ku ẹyọ kan!"

Ẹyọ kan yẹn kì í tán. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló mú un lọ lójijì, kí àwo náà tó jáde.

Lẹ́yìn àdúrà ogójì ọjọ́, Peace gbé fílàṣì náà wá. "Màmá, ọ̀la ni mo fẹ́ gbé e jáde. Ṣùgbọ́n ohùn yín wà nínú orin tó gbẹ̀yìn. Bàbá ní mi ò gbọdọ̀ yọ ọ́. Ẹ̀yin lẹ máa sọ."

Fàúsát fa àga, ó jókòó. Ọ̀rọ̀ tó ti sọ sí ariwo yẹn pọ̀, gbogbo rẹ̀ kọ́ ló dáa. Èwo ni gbogbo ayé fẹ́ gbọ́ yìí?

Peace fi fílàṣì náà sí sípíkà: gìtá ké, dúrọ́ọ̀mù dún. Lójijì, ohùn rẹ̀ jáde láti ẹ̀yìn ògiri: "Bàbá Adébísọ́lá, ó tó o!" Olúgbénró dáhùn tẹ̀ríntẹ̀rín: "Ó ku ẹyọ kan!" Gìtá tún gbéra.

Fàúsát rẹ́rìn-ín títí ìró rẹ̀ fi tú, ẹ̀rín náà sì di omijé. "Má yọ ọ́," ó ní. "Ohunkóhun ò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀."

Nígbà tí orin parí, Peace nawọ́ sí sípíkà. "Màmá, ó tó báyìí. Ẹ jẹ́ kí n pa á."

Fàúsát di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ó ku ẹyọ kan," ó ní.