Kọ̀ǹpútà Ń Bèèrè, Ẹ̀gbọ́n Ń Rojọ́

Láti kékeré ni wọ́n ti ń pè mí ní olóríkunkun, mi ò sì bá wọn jiyàn. Orí kunkun yẹn náà ni mo gbé lọ síbi iṣẹ́ lọ́sẹ̀ tí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì wa ní Ẹ̀gbẹ́dá fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Ẹ̀gbọ́n.

Iléèwé aládàáni ni. Ẹ̀gbọ́n ni mò ń pe obìnrin tó máa ń jókòó sí tábìlì iwájú, tó ń tọ́jú orúkọ àwọn ọmọ àti nọ́ńbà fóònù àwọn òbí wọn. Òun ló kọ́ mi níṣẹ́ nígbà tí mi ò mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì níwájú kọ̀ǹpútà. Yàrá ẹ̀yìn ni èmi wà. Wọ́n fi wáyà so kọ̀ǹpútà àwa méjèèjì mọ́ kọ̀ǹpútà ńlá kan tí gbogbo fáìlì iléèwé wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ṣí fáìlì á tẹ páásíwọ́ọ̀dù tirẹ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì tó ṣáájú ìwọlé, kọ̀ǹpútà ńlá ní kí Ẹ̀gbọ́n yí páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ padà, ó sì yí i. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, ó tẹ tuntun, ẹ̀rọ ní kó tẹ páásíwọ́ọ̀dù. Ó tún un tẹ̀. Ó tún bèèrè. Títí a fi jẹun ọ̀sán, ohun kan náà ló ń bèèrè bí ọmọ tó ń sunkún búrẹ́dì.

Màmá, ìyẹn ìyá tó ni iléèwé, ti gbọ́ pé iléèwé kan ní Dópẹ̀mú ń fẹ́ gba Ẹ̀gbọ́n síṣẹ́. Ló bá kó ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀. Níwájú gbogbo tíṣà ló ti sọ pé olè ni Ẹ̀gbọ́n, pé ó ti kó nọ́ńbà àwọn òbí lọ fún wọn, ó wá ba kọ̀ǹpútà jẹ́ kí ẹnikẹ́ni má baà rí ìdí ẹ̀. Ó ní kó máa lọ sílé. Bí fáìlì ò bá ṣí títí ọjọ́ Ẹtì, kó má padà wá mọ́. Ẹ̀gbọ́n ní páásíwọ́ọ̀dù tí òun yí náà lòun ń tẹ̀. Ó gbé báàgì ẹ̀, ó wọ kẹ̀kẹ́, ó kọjá sílé ẹ̀ ní Ìgàndó. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí dọ́kàn.

Mo pè é lórí fóònù pé kó sọ páásíwọ́ọ̀dù náà fún mi. Mo tẹ̀ ẹ́ lórí kọ̀ǹpútà tèmi, fáìlì ṣí. Mo sáré lọ bá Màmá.

"Màmá, òótọ́ ló sọ. Ó ṣí lọ́dọ̀ mi."

Màmá ò tiẹ̀ gbójú sókè. "Bó bá ṣí lọ́dọ̀ ẹ, kí ló dé tí kò ṣí níwájú? Nǹkan kan ló ṣe sí i jàre."

Ìbéèrè gidi ni, àfi kí n wá ìdáhùn ẹ̀. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Mo lọ sídìí kọ̀ǹpútà iwájú, mo pààrọ̀ wáyà ẹ̀. Mo nu gbogbo páásíwọ́ọ̀dù àtijọ́ tí kọ̀ǹpútà náà fi pamọ́. Mo pa á, mo tún tàn án. Tíṣà kan tó ń kọjá ní, "Ẹ fi sílẹ̀ ṣá, ẹjọ́ yín kọ́." Mo fa àga mọ́ra.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ìyá kan fa ọmọ ẹ̀ wọlé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Kọ̀ǹpútà iwájú yẹn kọjú sí ẹnu ọ̀nà, ẹni tó bá wọlé á rí aago lójú ẹ̀. Ó wò ó, ó káwọ́ lérí.

"Ṣé a ti pẹ́ tó yẹn ni?"

"Ẹ má dá a lóhùn, ma," mo ní. "Aago Màmá nìyẹn. Ẹ yọ ìdajì wákàtí kúrò."

Ẹnu ara mi ló là mí lójú. Gbogbo aago ara ògiri iléèwé wa ni Màmá máa ń tì síwájú kí tíṣà má baà pẹ́. Ó ti mọ́ wa lára débi pé ká tó ronú, a ti yọ ọ́ kúrò. Àmọ́ ti kọ̀ǹpútà yìí, tuntun ni. Mo bi ẹni tó ń ṣọ́ géètì. Ó ní lọ́jọ́ Àbámẹ́ta ni Màmá mú ẹnì kan wá pé kó ti aago kọ̀ǹpútà náà síwájú, kó sì rí i pé kò dá ara ẹ̀ padà. Àwa lè yọ ìdajì wákàtí. Kọ̀ǹpútà ńlá ò bá wa ṣe àdéhùn yẹn. Ẹ̀rọ tí aago ẹ̀ bá jìnnà sí tirẹ̀, kò ní gbà á wọlé, bó ti wù kí páásíwọ́ọ̀dù náà tọ́ tó.

Mo dá aago náà padà sí ti kọ̀ǹpútà yàrá ẹ̀yìn. Mo tẹ páásíwọ́ọ̀dù Ẹ̀gbọ́n. Fáìlì ṣí.

Mo pe Màmá wá. Mo ti aago síwájú, mo pa ẹ̀rọ, mo tàn án, ó kọ̀. Mo dá a padà, ó gbà. Màmá rẹ́rìn-ín díẹ̀.

"Ó dáa, pè é kó máa bọ̀ lọ́la."

Mo fàáké kọ́rí. Mo kúnlẹ̀ o, àmọ́ mo kọ̀. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin lẹ lé e. Ẹ̀yin náà ni kí ẹ pè é." Mo tẹ nọ́ńbà, mo na fóònù sí i, mo sì jẹ́ kí ohùn ẹ̀ jáde síta.

"Ẹ̀rọ ló fa gbogbo ẹ̀," Màmá wí fún un. "Máa bọ̀ níbi iṣẹ́ lọ́la."

Ẹ̀gbọ́n ní, "Ẹ ṣé, ma. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ò pè mí lólè. Ẹ̀yin lẹ pè mí bẹ́ẹ̀, níwájú gbogbo tíṣà."

Màmá wò mí bí ẹni pé èmi ni mo kọ́ ọ lọ́rọ̀ tó sọ. Ó na fóònù padà sí mi, mi ò gbà á. Orúnkún ti ń dùn mí, mi ò dìde. Nígbà tó pẹ́, Màmá ní kí Ẹ̀gbọ́n má pa fóònù, kí èmi lọ pe àwọn tíṣà wá.