Ìka Mi Nínú Aró Màámi

Bí wọ́n bá ti ṣí ìgò asitóònù tí wọ́n fi ń nu kútẹ́ẹ̀sì kúrò ní èékánná, àyà mi á já.

Òórùn yẹn ló kún yàrá wa ní Ọ̀tà lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Màámi ń rẹ àwo rọ́bà láró, àwo pẹlẹbẹ funfun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì máa ń jù sínú apẹ̀rẹ̀ irin lórí pápá bí wọ́n bá ń ṣeré. Ó po asitóònù mọ́ aró búlúù nínú bàsíà, ó sì ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé pa nítorí eruku.

“O ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án o!”

Bó ṣe kọ̀yìn sí mi báyìí, mo ti ìka bọ̀ ọ́.

Kò pẹ́ tó tún bẹ̀rẹ̀ mọ́ bàsíà náà ló di orí mú, tó ṣubú gbì. Mo pè é títí, kò dáhùn. Mo wo ìka mi tó ti di búlúù: mo ti pa ìyá mi. Mo ṣí ilẹ̀kùn, mo sá lọ sẹ́yìn táǹkì omi, mo ń ha ìka náà mọ́ ògiri títí ó fi ṣẹ̀jẹ̀.

Òórùn yẹn ló mú un dákú, atẹ́gùn tó gba ilẹ̀kùn tí mi ò tì wọlé ló sì jí i.

Nígbà tó tàgé jáde wá bá mi, mo kúnlẹ̀.

“Màámi, ẹ má bínú. Èmi ni mo pa yín.”

Ó fà mí mọ́ra. Mo na ìka náà sẹ́yìn, kó má baà kàn án.