Ọwọ́ Ìyá Mi Lójú Mi

Ọmọ-ọmọ mi gbé fíìmù òkú tó ń mu ẹ̀jẹ̀ wá sílé wa ní Old Road. Ó ní ti àtijọ́ ni wọ́n tún ṣe. Mo rò pé kò ní dáa, àṣé ó dùn gan-an. Ṣùgbọ́n bí ìdérí pósí ṣe dún kẹ̀ẹ̀ẹ̀, inú bí mi.

Bẹ́ẹ̀ náà ló dún lọ́sàn-án ọjọ́ tí ìyá mi mú mi lọ sí sinimá, lẹ́yìn tí mo ti fi ẹ̀bẹ̀ dà á láàmú. Kí pósí tó ṣí tán, ìyá mi ti fi ọwọ́ rẹ̀ tó ń rùn bí ẹja yíyan bò mí lójú.

"Màmá, ẹ jẹ́ n wò ó!"

"Kó o lè tọ̀ sórí ẹní lálẹ́?"

Gbogbo èèyàn ń pariwo, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ yẹn ò kúrò títí fíìmù fi parí.

Nílé, bàbá mi bi ìyá mi pé, "Báwo ni wọ́n ṣe wá pa òkú tó ti kú?"

"Ẹ bi ọmọ yín."

Mo bú sẹ́kún. Èmi tí kò jẹ́ kí n rí nǹkan kan!

Mo ti bímọ tèmi kí n tó mọ̀ pé ńṣe ni ìyá mi náà dijú ní sinimá lọ́jọ́ yẹn.